Ìbéèrè Yín Lórí Ọkọ̀: Gééjì Ní Epo Pọ̀ Tó, Ẹ́ńjìnnì Sì Ń Ké

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú ní oṣù yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn dá lé: báwo ni ẹni tí ó ń wa ọkọ̀ onítọ́bò (ọkọ̀ tí ó ní ẹ̀rọ tí ń ti afẹ́fẹ́ kún inú ẹ́ńjìnnì) ṣe lè mọ̀ bóyá epo àti afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń mu bá ara wọn mu? Lẹ́tà àkọ́kọ́ ni mo fún ní àyè jù, nítorí pé ọkọ̀ ẹni tí ó kọ ọ́ wà nínú ewu lọ́wọ́lọ́wọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ onítọ́bò ni mò ń wà, onísílíńdà 4 sì ni. Mo ra gééjì kékeré kan tí ó ní iná pupa, iná yẹ́lò àti iná aláwọ̀ ewé, rewáyà wa ní Sábó sì so ó mọ́ wáyà sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tí ó bá ọkọ̀ náà wá. Bí mo bá dúró sójú kan, tàbí tí mo ń rọra lọ nínú ìgboro, iná gééjì yìí kì í dúró síbì kan. Láti orí pupa ni yóò ti sáré lọ sórí ewé, yóò tún sáré padà. Mẹkáníìkì ní sẹ́ńsọ̀ ti bàjẹ́. A ti pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò yí padà. Èyí tí ó wá ń dẹ́rù bà mí ni pé, bí mo bá ń ti Ọ̀yọ́ bọ̀, tí mo kọjá Odò Ọbà, tí mo sì tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ kí n lè kọjá tírélà, ọkọ̀ náà kì í lágbára mọ́, mo sì máa ń gbọ́ ariwo bí ìgbà tí ènìyàn ń mi òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo. Ṣùgbọ́n ní àkókò yẹn gan-an, iná ewé ni gééjì ń tàn, ìwé tí ó bá a wá sì sọ pé iná ewé túmọ̀ sí pé epo pọ̀ dáadáa. Èwo ni kí n gbà gbọ́, gééjì ni tàbí etí mi? Mo tún gbọ́ pé 14.7 ni òṣùwọ̀n tí ó pé. Ṣé kí n ní kí wọ́n tún ọkọ̀ náà ṣe kí ó máa wà lórí 14.7 nígbà gbogbo? — Òǹkàwé yín, Ògbómọ̀ṣọ́.

ÌDÁHÙN: Etí yín ni kí ẹ gbà gbọ́. Ẹ má sì tẹ tọ́tù ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀ mọ́ títí a ó fi mọ ohun tí ń ṣe é. Ẹ lè máa fi rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ nínú ìlú, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí tọ́bò ṣiṣẹ́ takuntakun.

Ariwo òkúta wẹ́wẹ́ yẹn kì í ṣe ohun tí a ń sọ ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí a bá ní “ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì”, ìyẹn nígbà tí béárìn bá ti jẹ tàbí tí ẹ́ńjìnnì bá ti gan. Inú ibi tí epo ti ń jó ni èyí ti ń wá. Bí nǹkan bá ń lọ bó ṣe yẹ, ẹnu púlọ́ọ̀gì ni iná ti ń bẹ̀rẹ̀, yóò sì ràn káàkiri inú sílíńdà ní ìtẹ̀léra, yóò máa ti písítìn sísàlẹ̀ bí ó ti ń ràn. Ṣùgbọ́n bí ooru àti ìfúnpá inú sílíńdà bá ti pọ̀ jù, epo àti afẹ́fẹ́ tí iná kò tíì kàn yóò gbiná fúnra wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, agbára rẹ̀ yóò sì lu orí písítìn bí òòlù. Òun ni ẹ ń gbọ́. Mo ti ṣí ẹ́ńjìnnì onítọ́bò kan rí tí orí písítìn rẹ̀ kan ti yọ́ bí àbẹ́là, tí ojú ibi tí ríìnì ń jókòó sí sì ti fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ẹni tí ó ni ọkọ̀ náà sọ fún mi pé òun ti ń gbọ́ irú ariwo tí ẹ ń sọ yìí, òun sì rò pé epo búburú lásán ni.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ̀rọ̀ 14.7 yẹn, nítorí pé òtítọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Kílò bẹntiróòlù 1 ń fẹ́ nǹkan bíi kílò afẹ́fẹ́ 14.7 kí gbogbo rẹ̀ tó lè jóná tán láìṣẹ́ku epo, láìṣẹ́ku ọ́síjìn. Ìwọ̀n orí òṣùwọ̀n ni mo ń sọ, kì í ṣe ìwọ̀n inú korobá, nítorí pé afẹ́fẹ́ fúyẹ́ púpọ̀: kílò afẹ́fẹ́ 14.7 yóò kún yàrá kékeré kan tí ó fẹ̀ ní mítà 2, tí ó gùn ní mítà 2.5, tí àjà rẹ̀ sì ga tó nǹkan bíi mítà 2.5. Bí afẹ́fẹ́ bá ju 14.7 lọ, a ó ní epo kéré. Bí kò bá tó 14.7, a ó ní epo pọ̀. Gbogbo ẹni tí ó bá ti ro ọkà rí mọ̀ pé èlùbọ́ àti omi ní ìwọ̀n tí wọ́n fi ń bá ara wọn mu, ó sì mọ̀ pé ìwọ̀n náà lè yí padà díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí irú èlùbọ́ tí ó wà nílẹ̀ àti bí iná ṣe le tó. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí nínú ẹ́ńjìnnì. Ohun tí ó jẹ́ kí àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ fẹ́ràn 14.7 ni pé ojú ibẹ̀ nìkan ni catalyst tí ó wà nínú sàlẹ́ńsà ti lè fọ oríṣi èéfín olóró mẹ́ta mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n kò yàn án torí pé ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ti lágbára jù, wọn kò sì yàn án torí pé ibẹ̀ ni ewu ti kéré jù.

Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró sójú kan, tàbí tí ẹ bá ń rìn wọ́ọ́rọ́wọ́, 14.7 dára. Ṣùgbọ́n bí tọ́bò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ máa ń gbóná, ẹ wo bí pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ ṣe máa ń gbóná lọ́wọ́ ẹni tí ó ń fi fẹ́ táyà. Intercooler, ìyẹn ohun tí ń mú afẹ́fẹ́ tọ́bò tutù kí ó tó wọ ẹ́ńjìnnì, ń mú díẹ̀ kúrò nínú ooru náà, kò lè mú gbogbo rẹ̀ kúrò. Nítorí náà, a máa ń fi epo kún un ju èyí tí ọ́síjìn lè jó tán. Epo àfikún yẹn, bí ó ti ń gbẹ, ń fa gbígbóná kúrò lára afẹ́fẹ́ àti lára orí písítìn, ó sì ń mú kí èéfín tí ń lọ bá tọ́bò tutù díẹ̀. Láàárín 11.5 sí 12.5 ni ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì onítọ́bò tí ń lo bẹntiróòlù máa ń wà nígbà tí a bá tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ pátápátá. Ẹni tí ó bá ní kí tiyín máa wà lórí 14.7 lábẹ́ agbára tọ́bò ń sọ pé kí ẹ yọ́ písítìn yín ni. Ẹ má gbà fún un.

Mo mọ̀ pé àwọn gééjì kan kì í kọ 14.7, lámúdà ni wọ́n ń kọ. Lámúdà 1 ni 14.7, lámúdà 0.8 sì jẹ́ nǹkan bíi 11.8. Ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Nípa gééjì tí iná rẹ̀ ń sáré kiri, sẹ́ńsọ̀ méjèèjì tí wọ́n yọ sọnù yẹn ṣeé ṣe kí ó má ní ẹ̀bi kankan. Sẹ́ńsọ̀ tí ó wà nínú ọkọ̀ yín ni a ń pè ní narrowband. Inú rẹ̀ ni ìkòkò amọ̀ kékeré kan wà tí wọ́n fi zirconia mọ, tí wọ́n sì fi platinum tẹ́ẹ́rẹ́ bò. Èéfín ń kan ẹ̀yìn rẹ̀, afẹ́fẹ́ ìta sì ń kan inú rẹ̀. Bí ó bá ti gbóná ju nǹkan bíi dígírì 300 lọ, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọ́síjìn ìta àti ọ́síjìn inú èéfín yóò mú iná mànàmáná díẹ̀ jáde láti ara rẹ̀. Bí epo bá kéré, nǹkan bíi fóòtì (volt) 0.1 ni, bí epo bá pọ̀, ó ń sún mọ́ fóòtì 0.9, fóòtì 0.45 ni ààlà láàárín méjèèjì. Brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ó ń darí ẹ́ńjìnnì, ń wo fóòtì yìí. Bí ó bá rí i pé epo pọ̀, yóò dín in kù. Bí ó bá rí i pé ó ti kéré, yóò fi kún un. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró sójú kan tàbí tí ó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Nítorí náà, sísáré lọ sáré bọ̀ iná gééjì yín lójú kan jẹ́ àmì pé sẹ́ńsọ̀ àti brain box ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìgbà tí iná bá dúró gbagidi sójú kan fún ìgbà pípẹ́ nínú ìrìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fura.

Kí ló wá dé tí ó fi tan iná ewé nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń jìyà? Ibí yìí ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ó ní ọkọ̀ onítọ́bò fi ọkàn sí. Ẹyọ ìbéèrè kan ṣoṣo ni sẹ́ńsọ̀ narrowband lè dáhùn: ṣé apá ọ̀tún 14.7 ni a wà ni àbí apá òsì? Kò mọ bí a ti jìnnà tó. Fóòtì rẹ̀ ń fò láti ìsàlẹ̀ dé òkè ní gẹ́rẹ́ tí a bá kọjá 14.7, lẹ́yìn náà kì í fẹ́ẹ̀ gbéra mọ́. Ìbáà jẹ́ 13.5, ìbáà jẹ́ 11.5, fóòtì 0.8 sí 0.9 ni yóò máa sọ. Èyí tí ó tún burú níbẹ̀ ni pé ooru èéfín nìkan tó láti yí ìwọ̀nba ìyàtọ̀ tí ó kù yẹn padà. Bí ọkọ̀ yín bá wà lórí 13.8 lábẹ́ agbára tọ́bò, tí ó yẹ kí ó wà lórí 11.8, iná ewé ni gééjì náà yóò tàn, kò sì parọ́, nítorí pé lóòótọ́ ni epo fi díẹ̀ ju ti 14.7 lọ. Ṣùgbọ́n díẹ̀ yẹn kò tó láti dáàbò bo písítìn.

Irinṣẹ́ tí ẹ nílò ni wideband. Bosch ni ó ṣe sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn ti àkọ́kọ́ fún ọkọ̀, Volvo sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní ọdún 1976; narrowband ni ìyẹn. Ó tó nǹkan bí ọdún 16 sí i kí wideband tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sínú ọkọ̀. Wideband ní ihò tóóró kan tí èéfín ń gbà wọlé, ó sì ní ohun tí ń fi iná mànàmáná fa ọ́síjìn jáde nínú ihò náà tàbí kí ó tì í wọlé, kí inú ihò náà lè máa wà lórí 14.7 nígbà gbogbo. Bí iná tí ó nílò láti ṣe iṣẹ́ yìí ṣe pọ̀ tó ni a fi ń mọ bí a ṣe jìnnà sí 14.7 tó, àti apá ibi tí a wà. Nítorí náà, ó lè sọ 11.3, ó lè sọ 13.9, ó sì lè sọ 16. Sẹ́ńsọ̀ Bosch LSU 4.9 ni ó wà nínú púpọ̀ nínú àwọn gééjì tí wọ́n ń tà nísinsìnyí, wáyà 5 ni ó sì ní. Ẹ má fi iye wáyà nìkan dá wọn mọ̀ o, nítorí pé sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ òun epo tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ Toyota kì í ṣe narrowband, wáyà 4 ni ó sì ní.

Ẹ má yọ sẹ́ńsọ̀ tí ó bá ọkọ̀ wá láti fi ààyè rẹ̀ fún tuntun yìí. Brain box ṣì nílò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà jó ojú ihò mìíràn sára páìpù sàlẹ́ńsà, lẹ́yìn tọ́bò, ṣáájú catalyst bí ó bá ṣì wà níbẹ̀, kí ó jìnnà sí ẹnu tọ́bò tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 60 sí 90 bí àyè bá gbà. Ẹ sọ fún wẹ́dà pé orí páìpù ni kí ó jó o sí, kí sẹ́ńsọ̀ dà gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ ń wo ìsàlẹ̀, ó kéré tán kí ó fi dígírì 10 ga ju ìdùbúlẹ̀ lọ. Àárọ̀ kùtùkùtù ni ẹ máa ń rí omi tí ń kán ní ìdí sàlẹ́ńsà. Bí omi yẹn bá dé ara sẹ́ńsọ̀ tí ó ti gbóná, amọ̀ inú rẹ̀ yóò sán. Ìdí kan náà ni kò fi dára kí rewáyà so iná tí ń mú sẹ́ńsọ̀ gbóná mọ́ ibi tí yóò ti máa tàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò tíì ṣiṣẹ́. Ẹ̀wẹ̀, ẹ́ńjìnnì kò gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ nígbà tí sẹ́ńsọ̀ wà nínú páìpù láìsí iná, torí pé èédú èéfín yóò dí ihò tóóró yẹn pa. Mo tẹnu mọ́ èyí torí pé púpọ̀ nínú sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n ń gbé wá bá mi pé “kò dára láti ilé ìtajà”, ọwọ́ ẹni tí ó so ó ni ó ti bàjẹ́.

Bí ẹ bá ti rí nọ́ńbà gidi kà, ẹ má ṣe sáré ra ohunkóhun. Ìgbà tí epo ń kéré ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Èmi yóò fura sí ọ̀nà epo nínú ọkọ̀ yín, nítorí ohun tí ẹ sọ: ní ìrìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kò sí wàhálà, ìgbà tí ẹ bá béèrè epo púpọ̀ ni agbára ń tán. Bí wideband bá ń sọ 11.8 nígbà tí tọ́bò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí ó wá ń gòkè sí 12.6, sí 13.4, bí eré ẹ́ńjìnnì ti ń pọ̀ sí i, pọ́ǹpù epo kò lè bá a dé òpin ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n so gééjì ìfúnpá epo mọ́ ọn, kí wọ́n wò ó nígbà tí ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́ agbára, kì í ṣe nígbà tí ó dúró ní ṣọ́ọ̀bù. Nínú ẹ́ńjìnnì tí nọ́sù rẹ̀ ń tú epo sẹ́nu ọ̀nà fáàfù, tí olùdarí ìfúnpá epo rẹ̀ sì ní rọ́bà tí ó so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì, bí ìfúnpá epo bá jẹ́ bar 3 láìsí tọ́bò, ó yẹ kí ó di bar 3.7 nígbà tí tọ́bò bá ń ti bar 0.7, nítorí pé afẹ́fẹ́ tọ́bò ń ti nọ́sù padà ní ẹnu ibi tí ó ti ń tú epo. Bí ó bá dúró lórí 3 tàbí tí ó ń wálẹ̀, ẹ ti mú olè náà. Ẹ wo fítà epo, ẹ wo fítà kékeré tí ó wà lẹ́nu pọ́ǹpù nínú táǹkì, ẹ sì ní kí rewáyà wọn fóòtì tí ó dé ẹnu pọ́ǹpù gan-an, kì í ṣe ẹnu bátìrì. Mo ti rí pọ́ǹpù tí ó dá ṣáṣá tí wọ́n dá lẹ́bi, tí ó sì jẹ́ pé wáyà ìlẹ̀ rẹ̀ tí ó ti dípẹtà ni kò jẹ́ kí iná dé ibẹ̀ bó ṣe yẹ.

Bí wideband bá sì sọ pé epo pọ̀ tó lóòótọ́, tí ariwo náà kò dákẹ́, ẹ wo epo tí ẹ ń rà. Bẹntiróòlù inú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ti po kẹrosíìnì mọ́ lè mú ariwo yẹn wá láìka bí òṣùwọ̀n ṣe pé tó.

ÌBÉÈRÈ: Mo kí yín o. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni mí ní Ọ̀yọ́. Ọkọ̀ mi ní tọ́bò láti ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é, n kò sì fi ohunkóhun kún un. Iná check engine tàn, wọ́n síkáànì rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ Akẹ̀sán, P0171 ni ó jáde. Mẹkáníìkì ní kí n lọ ra sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn bẹ́ljíọ̀mù. Ọmọ mi ní irinṣẹ́ síkáànì kékeré kan tí ó ń bá fóònù sọ̀rọ̀. Ṣé ó lè ràn mí lọ́wọ́ kí n tó náwó? — Ìyá kan, Ọ̀yọ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì ra sẹ́ńsọ̀ náà, ìyá wa. P0171 túmọ̀ sí pé brain box ti ń fi epo kún epo fún ìgbà díẹ̀, síbẹ̀ sẹ́ńsọ̀ ṣì ń sọ fún un pé epo kò tó. Sẹ́ńsọ̀ ni ẹlẹ́rìí nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ kò sì tíì rí ẹ̀rí pé irọ́ ni ó pa. Bí sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ bá ní àìsàn, nọ́ńbà bíi P0130 tàbí P0135 ni ó sábà máa ń jáde. Sẹ́ńsọ̀ bẹ́ljíọ̀mù kò sì tẹ́ mi lọ́rùn rárá, nítorí pé sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn jẹ́ ohun tí ń darúgbó, ẹnikẹ́ni kò sì lè fi ojú lásán mọ iye ọdún tí ó ti lò nínú èéfín ọkọ̀ ẹlòmíràn kí ó tó dé ibí.

Irinṣẹ́ ọmọ yín tó láti bẹ̀rẹ̀. Kí ó ṣí ibi tí ó ti lè rí fuel trim, ti kúkúrú àti ti gígùn, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná. Nọ́ńbà yìí ni ìpín ọgọ́rùn-ún epo tí brain box ń fi kún un tàbí tí ó ń yọ kúrò. Bí méjèèjì bá pọ̀ mọ́ra tí wọn kò ju 10 lọ sí òkè tàbí sí ìsàlẹ̀, kò sí ohun tí ó burú. Kí ó kà á lójú kan, kí ó sì tún kà á nígbà tí ẹ bá rọra tẹ tọ́tù títí eré ẹ́ńjìnnì yóò fi dé ìyípo 2500 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá jẹ́ 20 lójú kan tí ó sì wálẹ̀ sí 5 lórí 2500, afẹ́fẹ́ kan ń jalè wọ inú ẹ́ńjìnnì láìgba iwájú ohun tí ń wọn afẹ́fẹ́. Rọ́bà tí ó ya tàbí tí ó sán ni ó sábà máa ń fa èyí. Bí ó bá jẹ́ pé ó ń ga sí i bí ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́, ọ̀nà epo ni, tàbí kí ohun tí ń wọn afẹ́fẹ́ ti dọ̀tí, èyí tí eruku ọyẹ́ máa ń fà bí fítà afẹ́fẹ́ bá ti gbó.

Ọkọ̀ onítọ́bò ní àrékérekè kan níbí tí ó yẹ kí mẹkáníìkì yín mọ̀. Bí ọkọ̀ bá ń fi sẹ́ńsọ̀ wọn afẹ́fẹ́ ṣáájú tọ́bò, tí rọ́bà tí ó wà láàárín tọ́bò àti ẹ́ńjìnnì sì ya, afẹ́fẹ́ tí a ti wọ̀n yóò máa sá jáde nígbà tí tọ́bò bá ń tì í, epo yóò sì pọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣeé ṣe kí ihò kan náà máa fa afẹ́fẹ́ wọlé lójú kan. Ìdí nìyí tí kíka nọ́ńbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò fi tó. Ẹni tí ó bá ní sùúrù lè di ẹnu ọ̀nà tọ́bò nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́, kí ó gba afẹ́fẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́ fọgaláísà, tí kò ní ju psi 10 lọ, kí ó sì fi omi ọṣẹ kun gbogbo oríkèé rọ́bà àti kílíìpù. Ibi tí ó bá ti ń hó ni ihò wà. Rọ́bà kan sì lè má ju ìdá díẹ̀ lọ nínú owó sẹ́ńsọ̀.

Kí ẹ tó parí, ẹ wo ojú gásíkẹ́ẹ̀tì sàlẹ́ńsà náà, láti ẹ́ńjìnnì títí dé ibi tí sẹ́ńsọ̀ wà. Bí ó bá ń jò, yóò máa fa afẹ́fẹ́ ìta wọlé láàárín èéfín kan àti èkejì, pàápàá lójú kan, sẹ́ńsọ̀ yóò sì rí ọ́síjìn tí kò jáde láti inú ẹ́ńjìnnì. Púlọ́ọ̀gì tí kò tan iná dáadáa ń ṣe bákan náà: epo wà níbẹ̀, kò jó, ọ́síjìn rẹ̀ sì jáde lódidi, sẹ́ńsọ̀ yóò wá ní epo kò tó nígbà tí òórùn epo tútù ń jáde ní ìdí sàlẹ́ńsà. Imú yín yóò sọ èyí fún yín kí kọ̀ǹpútà tó sọ ọ́.

ÌBÉÈRÈ: Akẹ́kọ̀ọ́ ni wá ní LAUTECH. A fẹ́ fi tọ́bò sí ẹ́ńjìnnì kan fún iṣẹ́ àṣekágbá wa. Ṣé a lè fi wideband ṣáájú tọ́bò kí ó lè tètè ka èéfín? Ṣé gọ́ọ̀mù gásíkẹ́ẹ̀tì lè ba sẹ́ńsọ̀ jẹ́? — Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ògbómọ̀ṣọ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ má fi ṣáájú tọ́bò. Ìfúnpá èéfín pọ̀ níbẹ̀, ó sì ń yí iye tí sẹ́ńsọ̀ ń kà padà, kí ẹ tó wá sọ̀rọ̀ ooru: LSU 4.9 kò gbọ́dọ̀ máa wà nínú èéfín tí ó gbóná ju dígírì 930 lọ. Ìdá ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ ó jèrè níbẹ̀ kò tó ohun tí ẹ ó pàdánù.

Gọ́ọ̀mù lè bà á jẹ́ o. Èéfín silicone tí ń jáde lára gọ́ọ̀mù lásán nígbà tí ó ń gan máa ń gba inú ẹ́ńjìnnì kọjá, yóò sì lẹ̀ mọ́ ojú sẹ́ńsọ̀. Ẹ ra èyí tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ pé kò ní pa sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn lára, ẹ sì jẹ́ kí ó gan tán kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì. Òjé náà ń pa á. Bẹntiróòlù olójé ti kúrò ní ilé epo ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà ní gúúsù Sàhárà láti ọdún 2006, Algeria tí ó jẹ́ orílẹ̀-èdè ìkẹyìn ní gbogbo àgbáyé sì dáwọ́ rẹ̀ dúró ní ọdún 2021, ṣùgbọ́n àwọn epo eré ìje kan ṣì ní òjé nínú, ẹ yẹra fún wọn.

Bí gééjì tí ẹ rà bá ń fẹ́ kí ẹ fi afẹ́fẹ́ ìta tún un ṣe kí ẹ tó lò ó, ẹ yọ sẹ́ńsọ̀ kúrò nínú páìpù pátápátá, kí ẹ sì gbé e jìnnà sí èéfín jẹnẹrétọ̀. Wáyà ìlẹ̀ gééjì àti ti brain box, ojú kan náà ni kí ẹ so wọ́n sí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà yín ń kọ sílẹ̀ yóò máa yàtọ̀ sí èyí tí ẹ ń rí lójú gééjì. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ fi ìfúnpá tọ́bò sí ibi tí ó kéré jù lọ, kí kọ̀ǹpútà máa kọ eré ẹ́ńjìnnì, ìfúnpá àti òṣùwọ̀n afẹ́fẹ́ sílẹ̀ pọ̀ lójú kan náà, kí ẹnìkan sì jókòó ti awakọ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó máa wo wideband. Bí nọ́ńbà náà bá ti kọjá 12.5 tí tọ́bò ṣì ń tì, kí ó sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀, kí awakọ̀ sì gbé ẹsẹ̀ kúrò.